Awakọ̀ Tí Kì Í Dárúkọ Ọ̀nà

Zuurakan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ló ń wa ọkọ̀ akérò láti Naryn, ìlú wa, lọ sí Bishkek, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ojoojúmọ́ ni ojú ọ̀nà ń rí i, àmọ́ láti ìgbà tó ti wọ ilé wa, n ò gbọ́ kó fẹnu ara rẹ̀ pe "ọ̀nà" rí. Bí yìnyín bá dí ọ̀nà lórí òkè Dolon, á ní, "Gbọọrọ ti dí." Bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bá dá a dúró, á délé wí fún wa pé àwọn ọmọkùnrin etí gbọọrọ tún fẹ́ gbọ́ tẹnu òun. Nígbà tí èrò bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn awakọ̀ yòókù ń súre fún tiwọn pé kí ọ̀nà yín funfun, ìyẹn kí ìrìn yín dára, Zuurakan á fọwọ́ gbá òrùlé mọ́tò gbàmù, á ní, "Kí gbọọrọ yín funfun o!" Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á wò ó tìyanu-tìyanu. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àmín, kí gbọọrọ tìẹ náà funfun."

Màámi ló fà á. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló bí ẹ̀gbọ́n mi sí nígbà tí wọ́n ń da àgùntàn bọ̀ láti pápá orí òkè, ló bá sọ ọ́ ní Jolchu, ìyẹn ọmọ ọ̀nà. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ, kì í dárúkọ bàbá ọkọ, kì í dárúkọ àgbà kan tó bá nílé. Bí orúkọ náà bá wá jọ orúkọ nǹkan kan láyé, ìyàwó á wá orúkọ míì fún nǹkan ọ̀hún. Baltabay ni bàbá ọkọ obìnrin kan ládùúgbò wa ń jẹ́, balta sì ni àáké. Obìnrin náà ti darúgbó báyìí, bàbá ọkọ ti kú tipẹ́, síbẹ̀ "agégi" ló ń pe àáké títí dòní. Tìyẹn tiẹ̀ rọrùn. Ìgbà mélòó lèèyàn ń dárúkọ àáké lóòjọ́? Zuurakan ni tiẹ̀ le. Awakọ̀ tí kò gbọdọ̀ pe ọ̀nà, kí ni kó máa pè é?

Àwa tá a kéré sí ọkọ náà ń gba orúkọ tiwa. Ayzirek ni wọ́n sọ mí, èmi àbúrò Jolchu obìnrin. Zuurakan ò tíì tú ẹrù ìyàwó tán tó ti sọ mí ní Ẹnu-ò-sinmi. Ta ni kí n bá jà? Orúkọ náà bá mi mu.

Mo kúkú wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Gbogbo ọgbọ́n ayé ni mo fi dẹ pàkúté fún un kó lè ṣèèṣì pe "ọ̀nà".

"Ìyàwó, kí ni mọ́tò ń rìn lórí ẹ̀?"

"Táyà."

"Kí ni táyà wá ń rìn lórí ẹ̀?"

"Agídí rẹ."

Lọ́jọ́ kan mo wé ìbòrí Màámi mọ́rí, mo tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́ lọ bá a ní ibùdókọ̀, mo sì yí ohùn padà: "Ọmọ mi dáadáa, jọ̀wọ́, èwo ni ọ̀nà Bishkek?" Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó rí bàtà mi, kò fi hàn. "Ìyá àgbà," ló wí, "ẹ máa tẹ̀ lé ibi tí wọ́n da ọ̀dà sí yìí. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta òmùgọ̀, ẹ dúró síbẹ̀, bóyá wọ́n á rí yín rà." Gbogbo ibùdókọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo búra lójú wọn pé ọjọ́ tí mo bá gbọ́ "ọ̀nà" lẹ́nu obìnrin yìí, màá jó yí ọjà Naryn ká láìwọ bàtà, bó tiẹ̀ jẹ́ àárín òtútù.

Mọ́tò ọ̀hún, Másídà aláwọ̀ eérú kan, ti Jolchu ni. Òun ló ń fi í kérò kó tó lọ sí Rọ́ṣíà, sí Surgut, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó lè wa àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń kó yanrìn. Yàrá ló tìtorí ẹ̀ lọ. Òun àti Zuurakan fẹ́ fa yàrá tuntun kan mọ́ ilé Màámi, èyí tí fèrèsé ńlá rẹ̀ máa kọjú sódò. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ̀yìn aṣọ títa ni wọ́n ń sùn sí nínú yàrá kan náà pẹ̀lú èmi àti Màámi. Màámi ń húkọ́, èmi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ọmọ tó bá fẹ́ wá sáyé níbẹ̀ á kọ́kọ́ gba àṣẹ.

"Mò ń lọ mú fèrèsé wá," ni Jolchu sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́ pé kó máa bá òun tan án lóòrèkóòrè kí bátìrì má bàa kú.

Zuurakan tan án. Nígbà tó yá ó tan án dé ìpẹ̀kun ìlú. Kí yìnyín tó yọ́, ó ti ń gbé èrò kọjá Dolon. Ó kúrú, nítorí náà orí tìmùtìmù tí Màámi rán fún un ló ń jókòó lé kó tó lè rí iwájú, àwọn awakọ̀ ọkùnrin a máa pariwo pé, "Ẹ yà o, mọ́tò tí ìbòrí ń wà ń bọ̀!" Òun náà á fọn fèrè sí wọn, á ní ìbòrí òun sàn ju orí tí kò nírun lọ. Wàrà gbígbẹ ló ń fi sẹ́nu bó bá ń wakọ̀, á sì máa dúró lórí Dolon láti bu tíì oníyọ̀ fún gbogbo èrò. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ wọ tẹlòmíràn mọ́.

Bó bá ń bọ̀ láti Bishkek, nǹkan kan á wà lórí mọ́tò: pákó, páànù, lọ́jọ́ kan odidi ilẹ̀kùn. Ògiri yàrá ń ga. Ojú fèrèsé nìkan ló dá sí. Ó fi ọ̀rá bò ó. "Ẹ má bá mi kàn án pa," ló ń sọ fún àwọn bíríkìlà. "Onítọ̀hún ń mú tiẹ̀ bọ̀."

Onítọ̀hún: orúkọ tó ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Onítọ̀hún kí yín o. Onítọ̀hún ní òtútù Surgut ń gé èèyàn létí. Ó máa ń pè é bí ẹni gbé abọ́ tó kún fún wàrà, tí kò fẹ́ kó dà.

Onítọ̀hún ọ̀hún kì í ro ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nídìí sítíarì. Ìgbà tó bá ráyè ló ń pè. Zuurakan á ki fóònù bọ abẹ́ ìbòrí, láàárín etí àti aṣọ, á máa wakọ̀, á sì máa fèsì. Gbogbo obìnrin Naryn ló mọ ọgbọ́n yìí. Bí wọ́n ṣe ń fún wàrà náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti Dolon, ìbòrí tú, fóònù já bọ́ sábẹ́ bíréèkì. Bàbá Mambetaly, àgbàlagbà kan tó máa ń lọ rí dókítà ojú ní Bishkek, ló wà níwájú. Òun ló bẹ̀rẹ̀ tó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá fóònù náà jáde.

"Ọmọ mi," ló wí nígbà tí mọ́tò dúró, "bá wa sọ fún ọkọ rẹ pé a dúpẹ́ tó ń rántí ilé. Ṣùgbọ́n àwa tó kù nínú ọkọ̀ ò tíì kí ìdílé tiwa pé ó dìgbóṣe."

Zuurakan fi ṣe àwàdà fún Jolchu lórí fóònù. Jolchu ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Surgut gbé páálí kékeré kan wá fún wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ inú mọ́tò ni, tó ń jẹ́ kí awakọ̀ pe èèyàn kó sì gba ìpè láìfọwọ́ kan fóònù: sípíkà kan, máìkì kékeré kan, wáyà jánganjàngan. Mo sọ ọ́ ní Máfọwọ́kàn. Zuurakan gbé páálí òfìfo sórí bẹ́ẹ̀dì, kò jẹ́ ká jù ú nù.

Èmi náà ni mo dè é. Iṣẹ́ mi ni: rédíò mọ́tò, sípíkà, aago olè, gbogbo ẹ̀ ni mò ń dè nínú kọ̀nténà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onítáyà nínú ọjà. Mo tú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo wá wáyà tí iná kì í wọ̀ àfi bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, mo fi fúùsì sí i, mo fa ti sípíkà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Máìkì ló fẹ́ dà wá láàmú. Òkè níbi gíláàsì ni mo máa ń fi í sí fáwọn ọkùnrin.

"Ìyàwó, bí mo bá fi í síbí, àtàrí rẹ nìkan ló máa gbọ́."

"Àtàrí mi lọ́gbọ́n ju ẹnu rẹ lọ. Fi í síbẹ̀."

Mo gbé e sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíarì, mo di súkúrú rẹ̀. Mo tan iná. Ẹ̀rọ náà fi èdè Rọ́ṣíà sọ̀rọ̀, ohùn obìnrin tó jọ pé ó jẹun kánú: "Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ máa pè."

Zuurakan fà sẹ́yìn. "Kí ló wí?"

"Ó ní kó o dárúkọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ohùn rẹ ló kù. Ohun tó o bá pè é báyìí lo máa máa pè é kó tó lè wá a. Ìyàwó mi, ọjọ́ pé! Pe orúkọ ọkọ rẹ."

"Sọ fún un pé wọ́n kọ́ mi nílé kí n tó wá."

"Ará Rọ́ṣíà ni, kò mọ àṣà."

"Ìwọ tó o mọ àṣà ńkọ́? Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?"

Mo ti ń bọ́ bàtà nítorí ijó. Ó rí mi, ó ṣe ṣíọ̀. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò, ó sún mọ́ máìkì.

"Onítọ̀hún."

"Ẹ tún un sọ," ni ẹ̀rọ wí, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ń mọ ohùn èèyàn.

"Onítọ̀hún!"

Ẹ̀rọ gbà á. Ó sì fi ohùn Zuurakan gan-an dá a padà fún wa láti inú sípíkà: Onítọ̀hún. Zuurakan pàtẹ́wọ́. "Ẹnu-ò-sinmi, ṣé o rí i? Ẹ̀rọ ti gbẹ̀kọ́ jù ẹ́ lọ. Wọ bàtà rẹ, ọkọ mi, kí òtútù má baà mú ẹ."

Ó tún pè é láti dán an wò, fóònù sì dún ní Surgut. Ohùn Jolchu kún inú mọ́tò bí ẹni pé ó jókòó sẹ́yìn wa.

"Zuura? Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni o. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ó ní kí ẹ̀rọ máa pè ẹ́ ní Onítọ̀hún!" ni mo ké.

Jolchu rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má dárúkọ mi o, Zuura. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, màá rò pé àjèjì kan ló ń pè mí ni."

Bí ó ṣe di ohun tí gbogbo èrò ń bá a ṣe nìyẹn. Lórí Dolon, lẹ́yìn tíì, Zuurakan á ní, "Ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́ pe ilé," á wá pe Onítọ̀hún. Gbogbo ọkọ̀ á kí i. Bàbá Mambetaly á bi í nípa yanrìn, obìnrin kan tí kò rí i rí á sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti rù, kó tètè wálé wá bọ́ ọ. Jolchu á dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí yìnyín bá ti yọ́, òun ń bọ̀. Fèrèsé ti wà nílẹ̀.

Yìnyín yọ́, ó tún dì, ó tún yọ́. Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, Màámi lọ sórí òkè pẹ̀lú àgùntàn, ó sọ̀ kalẹ̀, Jolchu ò dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù wá ń kúrú: ara ń le, ẹ kí Màámi, màá pè yín padà. Kì í pè padà. Nígbà tó yá, bí Zuurakan bá pe Onítọ̀hún lórí Dolon, ẹ̀rọ á ní kò sí ẹni tó gbé e. Zuurakan á bá wa wá àwíjàre fún un. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Iṣẹ́ òru ni. Ó ti gbàgbé fóònù sínú àpò ẹ̀wù. Àwọn èrò á ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i pé tó bá ti délé, ojú fèrèsé tó fi ọ̀rá bò ló kọ́kọ́ ń lọ wò, á na ọ̀rá náà kó má bàa tú. Yàrá ti parí. Ó ti kun ún ní funfun. Òun nìkan ló ń sùn nínú rẹ̀, atẹ́gùn odò sì ń lu ọ̀rá náà bí ìlù tí wọn ò so dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé ni kí ọkùnrin yẹn gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé.

"Bẹ́ ẹ bá ra fèrèsé síbẹ̀ báyìí," ló sọ fún Màámi tó fẹ́ ta àgùntàn kan, "kí ni onítọ̀hún máa wá rí mú wọlé?"

Ìgbà tí wọ́n ń kórè ọ̀dùnkún, mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ ra ọjà ní Bishkek. Ẹ̀yìn ni mo wà pẹ̀lú tọkọtaya kan tí n ò mọ̀ rí; Bàbá Mambetaly wà níwájú, ọ̀pá rẹ̀ láàárín orúnkún. A mu tíì lórí Dolon, a gbéra, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ bí ìfun àgùntàn.

"Ẹ jẹ́ kí n tún dán an wò," ni Zuurakan wí. Ó sún mọ́ máìkì. "Onítọ̀hún."

Ó dún. Ó dún títí. Wọ́n gbé e. Bàbá Mambetaly ti ń hún ọ̀fun láti kí i.

"Halóò?"

Obìnrin ni. Èdè Rọ́ṣíà ló fi sọ ọ́.

Zuurakan fi èdè náà dá a lóhùn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ẹni tó ni fóònù."

"Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

"Òun... ọkùnrin tó ni ín."

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo rí ọrùn Zuurakan láti ẹ̀yìn. Ó nà sọ́nà máìkì. Orúkọ náà wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò kàn lè jáde ni. Àṣà tó ti ń pa mọ́ látọjọ́ yìí ló dì í lẹ́nu. "Onítọ̀hún," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹni yẹn."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó yí ẹnu kúrò lórí fóònù, a sì gbọ́ ọ bó ṣe ń ké sínú ilé: "Jolchu! Wá gbọ́ ọ, ìyá àgbà kan ni, kò mọ ẹni tó ń wá. Fóònù ò gbé orúkọ wá, nọ́ńbà lásán ni."

Jolchu. Bó ṣe jù ú sókè nìyẹn, bí ẹni da omi abọ́ nù síta. Ọmọ kékeré kan sì ń sáré nínú ilé náà, ó ń pe "Pápá, Pápá," gbogbo rẹ̀ sì ń jáde láti inú sípíkà tí mo fọwọ́ ara mi dè sábẹ́ ìjókòó, ó mọ́ gaara.

Lẹ́yìn náà ni ohùn tí mo mọ̀ dé láti ọ̀ọ́kán: "Sọ fún un pé ó ṣi nọ́ńbà pè ni."

"Ẹ ti ṣì í pè, Màmá," ni obìnrin náà wí, ó sì pa á.

Ọwọ́ Zuurakan méjèèjì wà lórí sítíarì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí Máfọwọ́kàn ṣe ṣèlérí. Ibi tá a wà lórí òkè yẹn, kò sí ọwọ́ kan tó ṣẹ́ kù tó lè fi bo sípíkà mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ń wo èékánná rẹ̀. Mọ́tò ń yí, kò sáré jù, kò falẹ̀ jù. Bàbá Mambetaly ló gbẹ́nu sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ojú mi yìí tún ti bẹ̀rẹ̀. Bá mi dúró ná, kí n fi omi bọ́ ọ."

Zuurakan dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bùùtù, ó mú omi fún baba. Baba bọ́jú. Ó bọ́ ọ pẹ́, ó bọ́ ọ bí ẹni tó ti ń rìn nínú eruku láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Zuurakan yí ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo àfonífojì. Mo fẹ́ lọ bá a. Baba na ọ̀pá rẹ̀, ó fi dí mi lọ́nà láìwo ojú mi.

Nígbà tó padà dé ìdí sítíarì, ojú rẹ̀ gbẹ. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ti há. Ní Bishkek, kó tó ráyè gbá òrùlé mọ́tò, Bàbá Mambetaly ti sọ̀ kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tiẹ̀ gbá a. "Kí gbọọrọ rẹ funfun, ọmọ mi," ló wí. Tọkọtaya tí n ò mọ̀ rí náà sọ ọ́ tẹ̀ lé e, wọn ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n ṣáà sọ ọ́.

Nílé, Màámi ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Màámi, mo gbúròó onítọ̀hún," ni Zuurakan wí.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le. Ó lọ́mọ."

Màámi ò gbé ọwọ́ kúrò nínú ìyẹ̀fun. Ó ń pò ó lọ títí ó fi le bí amọ̀, a ò sì jẹ nǹkan kan láti inú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni Zuurakan gbé mọ́tò wá síwájú kọ̀nténà mi. Mo rò pé ó fẹ́ kí n tú Máfọwọ́kàn dànù, mo ti mú súkúdíráfà.

"Fi sílẹ̀," ló wí. "Bí ara ìyá ẹ ò bá yá tí mo wà lórí Dolon, báwo lo ṣe máa rí mi? Orúkọ yẹn ni kó o yọ."

Àmọ́ Máfọwọ́kàn kì í yọ orúkọ àfi bí ẹni tó fi í síbẹ̀ bá pè é. Zuurakan tẹ̀ síwájú. "Onítọ̀hún."

"Mi ò gbọ́ yín," ni ẹ̀rọ wí.

"Onítọ̀hún."

"Mi ò mọ orúkọ yìí."

Ohùn Zuurakan ni kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, ẹnu mi kì í sinmi, ẹ sáà mọ̀. "Ìyàwó, fún un ní wàrà gbígbẹ kan, bóyá á rántí rẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń pa gbogbo nǹkan rẹ́, mo tún nọ́ńbà Màámi àti tèmi fi síbẹ̀. Zuurakan ní kí n tún fi nọ́ńbà Surgut sí i.

"Kí lo fẹ́ máa pè é?"

"Orúkọ rẹ̀."

"Orúkọ wo?"

"Èyí tí gbogbo ayé ń pè é."

"Ìyàwó, jọ̀ọ́." Ẹ wò mí, èmi tí mo ti bọ́ bàtà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má pè é. Jẹ́ kí n bá ẹ pè é. Àbúrò rẹ̀ ni mí, kò léèwọ̀ fún mi."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò tún ìbòrí ṣe lọ́tẹ̀ yìí.

"Jolchu."

"Ẹ tún un sọ."

"Jolchu."

Ẹ̀rọ dá a padà fún wa pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù sì dún, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló gbé e.

"Jolchu," ni Zuurakan wí.

"Ta nìyẹn?"

"Zuurakan ni."

Mo gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn kan níbi tó wà. "O pe orúkọ mi."

"Mo pè é. Jolchu, ìyá rẹ fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ. Òun ni kó o máa pè, má pè mí mọ́. Fèrèsé tó o ní ò ń mú bọ̀, mi ò retí rẹ̀ mọ́. Mo ti sanwó òmíràn. Màámi ló máa sùn níbẹ̀, odò ni á máa wò láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọmọ rẹ, kí Ọlọ́run dá a sí. Ó tán."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "o" lẹ́nu rẹ̀ fún un. N ò mọ èyí tó dùn mí jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà ní ibùdókọ̀ nígbà tó ń gbé èrò. Àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó dé láti abúlé, ó bá wọn gbé ẹrù wọn, ó gbá òrùlé mọ́tò gbàmù.

"Kí ọ̀nà yín funfun!"

Bí gbogbo awakọ̀ ṣe ń sọ ọ́ náà ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dúró, wọ́n ń retí àwàdà tó kù, wọn ò rí i. Onítáyà kan tó gbọ́ ìbúra mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní fi ìgúnpá gún mi. "Ayzirek, ó ti pè é o! Ijó dà?"

Mo ní bàtà mi ò ṣeé bọ́.

Ó ṣì ń wakọ̀. Ó ṣì ń gbé ilé wa, ó sì ti gbé fèrèsé náà wọlé. Màámi ń wo odò láti orí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún un pé kí ìyàwó yẹn kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀, ó ń ju ìbọ̀sẹ̀ lù wọ́n. Zuurakan máa ń pe ọ̀nà báyìí nígbàkigbà tó bá wù ú: ọ̀nà dáa, ọ̀nà dí, ọ̀nà jìn. Jolchu, bí Màámi bá béèrè rẹ̀, ó ń pè é ní Jolchu, bí ẹni ń pe ará àdúgbò.

Ohun kan ló kù tí mò ń ṣọ́. Bó bá gbé mọ́tò dúró níwájú kọ̀nténà mi, tí mo rí i tó la ẹnu láti pè mí, mo máa ń tẹ́tí bóyá Ayzirek ló máa pè mí. Títí di òní yìí, Ẹnu-ò-sinmi ló ṣì ń pè mí.